Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Èrò Mi lórí Ìdájọ́ Ikú ní Nàìjíríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ọgbọ́n yìí ló wà nídìí ẹ̀fẹ̀ láwùjọ Yorùbá. Ní òru tí a bá ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, òṣèré ẹ̀fẹ̀ a máa bọ́ sí agbo, a sì máa sọ ohun tí ojú ìlú ti rí ṣùgbọ́n tí ẹnu ìlú kò lè sọ. Ọba ni o, ìjòyè ni o, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè kàn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tú ìlú. Ó fẹ́ kí ìlú tún ara rẹ̀ ṣe ni.

Bí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lé irú òṣèré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ni yóò kù fún un láti fi kún un? Ní tèmi, kò ní láti ṣe wàhálà kankan. Ìjọba ti bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ náà tán. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òfin tí ó ti di ẹ̀fẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ó fi ẹ̀mí ènìyàn sí lọ́wọ́. Kí á pa ìdájọ́ ikú rẹ́ kúrò nínú ìwé òfin wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Abala 33 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, àfi ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Abala 319 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù ń lò pàṣẹ ikú fún apànìyàn. Adájọ́ ni yóò dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, a kò gbọdọ̀ yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n títí gómìnà yóò fi buwọ́ lùwé. Abala 212 nínú Ìwé Òfin kan náà fún gómìnà ní agbára láti dárí jì í tàbí láti dín ìjìyà rẹ̀ kù. Ọ̀nà méjì ni òfin là sílẹ̀ níwájú gómìnà: kí ó jẹ́ kí a pa á, tàbí kí ó dá a sí. Ọ̀pọ̀ gómìnà wa ti la ọ̀nà kẹta tí kò sí nínú ìwé òfin kankan: wọ́n ki gègé bọ àpò, wọ́n dákẹ́.

Gègé yìí ni ó yẹ kí òṣèré ẹ̀fẹ̀ kọ́kọ́ dojú kọ. Bí ó bá jẹ́ láti fi ikú kún ìwé òfin ni, ara rẹ̀ a yá gágá. Ní ọdún 2017, Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó buwọ́ lu òfin tí ó ní kí a pa ajínigbé tí ẹni tó jí gbé bá kú sí i lọ́wọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí a gbé wá bá ti ní orúkọ ènìyàn kan pàtó nínú, gègé kan náà kò ní kọ mọ́. Ó rọrùn láti pa "ajínigbé". Ó ṣòro láti pa Lágbájá, tó ní ìyá, tó ní ọmọ. N kò bú gómìnà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ náà mọ̀ pé bí òfin tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ènìyàn ni a fẹ́ pa. Ìbéèrè mi ni pé, bí ọwọ́ bá mọ èyí, kí ló dé tí ẹnu kò sọ ọ́?

Àwọn tí ìdákẹ́jẹ́ yìí dé bá ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a ti dájọ́ ikú fún. Wọ́n lé ní 3,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀kùn bá dún lówùúrọ̀, wọn kò mọ̀ bóyá oúnjẹ ló dé tàbí ikú. Ilé-ẹjọ́ kò dá ìyẹn mọ́ ìjìyà wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n máa buwọ́ lu ìwé ikú. Kí oṣù náà tó parí, a ti yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Bìní. Ẹnì karùn-ún wà tí a mú dé ìdí okùn pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá rí i pé ìbọn ni a ní kí a fi pa òun, kì í ṣe okùn. Ni wọ́n bá dá a padà sí yàrá rẹ̀. Òfin tí kò ro ti ẹ̀mí ọkùnrin yìí ro ti irinṣẹ́ tí a ó fi gbà á! Ní ọdún 2014, Gómìnà ìpínlẹ̀ Kàdúná fọwọ́ sí i pé kí a tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì lọ sílé. Bí ìbọn bá wà nítòsí lọ́jọ́ tí a mú un dé ìdí okùn ń kọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, a tún yẹgi fún àwọn mẹ́ta mìíràn ní Bìní.

Ó tún kù. Ní oṣù keje ọdún 2021, ní Òṣogbo, Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ikú àwọn tí ẹjọ́ wọn ti parí, kí èrò lè dín kù lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Òótọ́ ni pé ó ní kí wọ́n ṣàánú àwọn kan pẹ̀lú. Ó ní àwọn tí a ti dájọ́ ikú fún jẹ́ 3,008. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Àwọn 3,008 yìí kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn tó ju ìlàjì lọ nínú ẹlẹ́wọ̀n ni a kò tíì dá ẹjọ́ wọn rárá. Ìyẹn ni pé bí a bá pa gbogbo àwọn tó ń dúró de ikú lóòjọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n yóò ṣì kún bámúbámú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A ti rí irú èyí rí. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ṣe òfin tí a mọ̀ sí Dìkírì 20, tí ó pàṣẹ ikú fún ẹni tó bá ṣòwò oògùn olóró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta lábẹ́ òfin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ọ̀hún kò tíì sí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀. Gbogbo ìlú bú sígbe. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun mìíràn yọ ikú kúrò nínú òfin náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún dìbò pé kí a dá ikú padà fún òwò oògùn olóró. Ariwo ẹnu ni wọ́n fi dìbò náà: àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́, alága ní bẹ́ẹ̀ ni ló borí. Ẹni tó ta kò ó pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè kò yẹ ní ohun tí à ń fi ìkánjú ṣe ni Ṣẹ́nétọ̀ tó jẹ́ gómìnà ní Bìní lọ́dún 2013 tí a yẹgi fún àwọn mẹ́rin ìjọ́sí. Ẹni tó ti bu ọwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ló mọ bí ó ti wúwo tó.

Àwọn òǹkọ̀wé wa ti tọ́ka sí gbogbo èyí tipẹ́. Nínú *Opera Wonyosi*, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ lọ́dún 1977, Wọlé Ṣóyínká fi pípa ọ̀daràn níta gbangba ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé ó ti di eré tí èrò ń wọ́ lọ wò létíkun Èkó. Ní ọdún 1989, Ken Saro-Wiwa tẹ ìtàn kúkurú kan jáde nípa adigunjalè tó ń kọ lẹ́tà lóru ọjọ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀ yóò mọ́. Lẹ́tà náà bi àwọn aláṣẹ léèrè ta ni olè gan-an. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ mìíràn. Bí ìdájọ́ ikú bá wà nínú òfin, kì í ṣe ọ̀daràn nìkan ni yóò bá. Yóò bá ẹni tí ìjọba bá bínú sí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, ẹni tí a pa ńkọ́? Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sójú ọ̀nà ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀dùn ọkàn irú ìyá bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n kí ni òfin tó wà nílẹ̀ yìí ń fún un? Ó ṣèlérí ikú fún un, kò mú ìlérí náà ṣẹ, kò sì sọ fún un pé òun kò ní mú un ṣẹ. Ohun tó yẹ ẹ́ ni ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn dáadáa, ẹjọ́ tí kò pẹ́, àti ọ̀daràn tí kò ní jáde lẹ́wọ̀n mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rù ikú ni yóò mú kí olè jáwọ́, a yìnbọn pa Oyenusi lójú ayé lọ́dún 1971, síbẹ̀ Anini jáde. A pa Anini lọ́dún 1987, síbẹ̀ ìdigunjalè kò tán.

Èyí tó wúwo jù ni àṣìṣe. Adájọ́ a máa ṣì í, ọlọ́pàá a sì máa fi ìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu afurasí. Ẹni tí a sọ sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀, a lè tú u sílẹ̀. Ẹni tí a pa láìṣẹ̀ ńkọ́?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ohun àjọni. Orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Benin, Nàìjíríà àti Togo, ni àjọ UNESCO fi kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Togo pa ìdájọ́ ikú rẹ́ lọ́dún 2009. Benin tọwọ́ bọ àdéhùn àgbáyé lórí rẹ̀ lọ́dún 2012, wọ́n sì yí ìdájọ́ ẹni mẹ́rìnlá tó kù sí ẹ̀wọ̀n gbére lọ́dún 2018. Bí ènìyàn bá pa ẹnì kejì rẹ̀ ní Kétu lónìí, ẹ̀wọ̀n ni; bí ó bá ṣe é ní Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà sí i, ikú ni. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀fẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé okùn ìyẹgi yìí wọ inú òfin wa pàápàá ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún apànìyàn láti ọdún 1969.

Kí ni ṣíṣe? Kí àwọn gómìnà lo abala 212 tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́. Kí àwọn Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lo òfin iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019, tí ó gbà wọ́n láyè láti sọ ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá lẹ́yìn tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti parí. Kí àwọn aṣòfin sì fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò ikú pátápátá. Ní ti àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ wá di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì fún àríyànjiyàn, ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé èdè yìí tó í fi ro ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Bí gègé kò bá lè kọ ọ́, kí òfin má ṣe pa á láṣẹ mọ́.