Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́: Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nígbà Gbogbo

Bí ẹnìkan bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni ará ilé yóò kọ́kọ́ pè é. Wọn a ní kí ó yẹra fún ṣúgà, wọn a sì se àgbo fún un. Lóòótọ́, àìsàn tí kò le ló sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá pẹ̀lú máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Àyẹ̀wò oníkámẹ́rà ni ó lè fi òtítọ́ hàn.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àyẹ̀wò náà, aláìsàn kò ní jẹ oúnjẹ líle. Yóò mu ohun mímu tí ó mọ́ gaara àti oògùn tí yóò fọ ìfun rẹ̀ mọ́, nítorí kámẹ́rà kò lè ríran nínú ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọn yóò sábà fún un ní oògùn tí ń múni tòògbé. Dókítà yóò wá rọra ti rọ́bà gbọọrọ kan, tí ó tó ìka ọwọ́ ní sísanra, gba ihò ìdí wọlé. Iná àti kámẹ́rà wà ní orí rẹ̀, àwòrán inú ìfun yóò sì máa hàn lójú ẹ̀rọ. Ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 30 sí 60.

Bí dókítà bá rí kókó kékeré lára ìfun, ó lè gé e lójú ẹsẹ̀. Irú kókó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo nǹkan bí ọdún 10 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dín ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ kù láti 50 sí 45 ní ọdún 2021, nítorí pé àrùn náà ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí kò tíì dàgbà. Ẹni ọdún 43 ni òṣèré Chadwick Boseman nígbà tí ó pa á ní 2020.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń pẹ́ kí wọ́n tó dé iléèwòsàn. Àgbo ń dá àwọn kan dúró, owó ń dá àwọn mìíràn dúró. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi èrè rẹ̀ hàn ni pé kí irú àyẹ̀wò yìí má kọjá agbára tálákà.

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ìyàgbẹ́ yín bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ tètè lọ rí dókítà.