Ìyá Elélùbọ́, Ṣé Ẹ Ti Di Àtúnbí?

Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná nínú Olúwa, mo dúró níwájú igbá rẹ̀, Bíbélì lábíyá, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ ti di àtúnbí?” Ó ní, “Ọmọ mi, láti kékeré ni wọ́n ti rì mí bọmi ní Áńgílíkà.” Mo ní ìyẹn ò tó, pé ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ń lọ. Ìyá ò bá mi jiyàn. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo jẹ ìyá yìí lówó èlùbọ́ kọ́ngọ̀ méjì, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Má rẹ́rìn-ín o. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ti bi ẹnì kan ní irú ìbéèrè yẹn.

Ìdáhùn ìyá kì í ṣe àwáwí. Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 pe ọmọ tí a ti rì bọmi ní ẹni tí a tún bí. Ìjọ Àgùdà náà gbà pé níbi ìrìbọmi ni àtúnbí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní rárá, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ná. John Wesley, baba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ti di àlùfáà láti 1728, ṣùgbọ́n ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1738 ló tó ní ìdánilójú ìgbàlà nínú ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì ń bèèrè ọjọ́ àti wákàtí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì inú Jòhánù 3:3 sì ní ìtumọ̀ méjì: “lẹ́ẹ̀kan sí i” àti “láti òkè wá.” Èyí àkọ́kọ́ ló wọ Bíbélì Yorùbá, òun la sì ń jà lé lórí.

Ní Ìbàdàn kan náà, ilé Kristẹni kan bí Alexander àti Isaac Akínyẹlé. Alexander di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ti Ìbàdàn ní 1952. Isaac, àbúrò rẹ̀, fi Áńgílíkà sílẹ̀, ó gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́, ó di Ààrẹ ìjọ CAC, ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí ó fi wàjà ní 1964. Èwo nínú wọn ni wàá sọ fún pé a kò tún un bí?

Sákéù kò dárúkọ ọjọ́ kankan. Ìdajì ohun ìní rẹ̀ ló ní òun á fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ (Lúùkù 19:8). Lẹ́yìn èyí ni Jésù tó ní ìgbàlà ti wọ ilé náà. Lọ́jà, ìdí kọ́ngọ̀ ni wọ́n ń wò: bí wọ́n bá ti lù ú wọnú kí èlùbọ́ má baà pé, ta ló ń bèèrè ìjọ tó o ń lọ? Ọ̀gá tó ń fèdè fọ̀ láàárọ̀ tó sì ń jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́, kọ́ngọ̀ tirẹ̀ náà ti tẹ̀.

Ó tó ọdún kan kí n tó padà lọ. Mo san gbèsè náà, mo fi díẹ̀ lé e. Kò tó ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá kà á tán, ó ní, “Ṣé o ò ra èlùbọ́ lónìí ni?” Mo ra kọ́ngọ̀ kan, owó lọ́wọ́. Mo yọjú wo ìdí kọ́ngọ̀ rẹ̀. Kò tẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó tún bu èènì sí i.