Iyọ̀ Inú Kimberlite: Ta Ló Bù Ú Sínú Ọbẹ̀?

Inú ọkọ̀ tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn òkúta ní wọ́n rí iyọ̀ nínú kimberlite, ìyẹn òkúta tó ń gbé dáyámọ́ǹdì wá sókè. Ó ní ẹ̀rí dé nìyẹn pé iyọ̀ kún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún bámúbámú. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, rọra o."

Udachnaya ló ń sọ, ní Siberia, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti rí dáyámọ́ǹdì lọ́dún 1955. Iyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, irú èyí tá a fi ń sebẹ̀ gan-an, ó sì ṣù jọ láàárín òkúta. Vadim Kamenetsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti ìsàlẹ̀ ni òkúta yíyọ́ náà ti gbé e wá. Wọn ò kàn sọ ọ́ lásán: wọ́n rí iyọ̀ tó há sínú olivine, ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di òkúta náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Òkun ayé àtijọ́ gbẹ sílẹ̀ lágbègbè yẹn ní ohun tó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó fi iyọ̀ àti omi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Kimberlite yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba àárín wọn kọjá ní nǹkan bí 360 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ṣebí ó máa jẹ ìgbẹ́? Ohun tí Maya Kopylova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí lọ́dún 2013 náà nìyẹn: omi iyọ̀ ojú ọ̀nà ló wọ inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà.

Wọ́n á ní, "Gbogbo kimberlite ló níyọ̀ tẹ́lẹ̀, omi ló fọ̀ ọ́ lọ níbòmíràn." Ó ṣeé ṣe, iyọ̀ kì í bómi ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ò níwèé ilẹ̀ lè ní torí pé ìwé òun jóná, kí wọ́n fún òun nílẹ̀?

Èmi ò ní kò síyọ̀ nísàlẹ̀ o. Lọ́dún 2001, wọ́n jábọ̀ pé omi iyọ̀ tín-ín-tín wà nínú dáyámọ́ǹdì Koffiefontein ní South Africa. Ibi tó jìn tó kìlómítà 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ dáyámọ́ǹdì ti ń dàgbà. Ohun tó bá há sínú wọn, aládùúgbò kankan ò lè bù ú síbẹ̀. Iyọ̀ méjì ni, ẹ jọ̀ọ́: táṣẹ́rẹ́ tó wá láti ìsàlẹ̀, àti rẹpẹtẹ tí òkúta kó lójú ọ̀nà. Àṣìṣe ọ̀rẹ́ mi ni pé ó fi ẹ̀rí tàkọ́kọ́ gbèjà tìkejì.

Ẹ máa ní kí ló kàn wá, nígbà tó jẹ́ pé Sierra Leone lọ́hùn-ún ni kimberlite Koidu tí wọ́n ti wa dáyámọ́ǹdì rí wà. Ó kàn wá gan-an. Òkúta líle, irú bíi granite àti gneiss, ló wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Òkun kankan ò gbẹ iyọ̀ sílẹ̀ fún wa níbẹ̀. Tómi kànga ilé yín bá wá ń níyọ̀ lẹ́nu, ẹ má wulẹ̀ gbójú lé ìṣúra abẹ́ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ṣáláńgá wà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èèyàn níyọ̀ nínú, ó sì máa ń rọra jò dé inú kànga. Iyọ̀ nìkan kọ́ ló sì ń bá a wá. Àrùn ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ nípa ilẹ̀ ní LAUTECH, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá òkúta olówó iyebíye, ìbéèrè kan náà ni: kí ló wà ládùúgbò? Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó níyọ̀ ti pọ̀ jù, kó tó bú ẹni tó sè é, kó wo ẹni tó dúró ti ìkòkò.

Ọ̀rẹ́ mi ò tíì gbà títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé mítà mélòó ló wà láàárín kànga àti ṣáláńgá ilé wọn. Mo ní kó lọ wọ̀n ọ́n.