Ta Ló Sọ Ìtàn Mercia?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin pè wá lórí fóònù láti Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn ìjọba Anglo-Saxon nílé ìwé, olùkọ́ sì ti fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: “Àǹtí, nínú ìjọba méjèèje, èwo ló lágbára jù?”

A ò tilẹ̀ ronú. A ní Wessex ni. Ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkàn wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lẹ́jọ́. Iṣẹ́ èdè la ń ṣe, ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ la ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, síbẹ̀ ohun tí àwọn ará Wessex kọ nípa ara wọn la kàn gbé fún ọmọ náà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 410, ọwọ́ ìjọba Róòmù kúrò lórí Britain. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn láti òdìkejì òkun, láti ibi tí à ń pè ní àríwá Jámánì àti Denmark lónìí, wá tẹ̀dó síbẹ̀. Angles, Saxons àti Jutes ni ìwé àtijọ́ pè wọ́n. Wọn ò dé lọ́jọ́ kan náà, wọn ò sì ní ọba kan ṣoṣo. Àwọn olórí kéékèèké ló wà káàkiri, èyí tó lágbára sì ń gbé èyí tí kò lágbára mì. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 600, àwọn ìjọba ńlá ti ń yọjú: Kent, Sussex, Essex, Wessex, East Anglia, Mercia àti Northumbria.

Orúkọ wọn nìkan ti tó ìtàn. Essex túmọ̀ sí àwọn Saxon ìlà-oòrùn, Sussex ni ti gúúsù, Wessex ni ti ìwọ̀-oòrùn. Northumbria ni àwọn tó wà ní àríwá odò Humber. Mercia ńkọ́? Àwọn ará ẹnubodè ni, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ààlà tí wọ́n bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ìwọ̀-oòrùn pa ló fún wọn lórúkọ náà. Cymry ni àwọn ọmọ onílẹ̀ yẹn ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n àjèjì ni àwọn Anglo-Saxon pè wọ́n. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àjèjì yẹn ni orúkọ Wales ti jáde. Àwọn tó wá bá wọn ló sọ onílẹ̀ di àjèjì, orúkọ náà sì mọ́ wọn lórí títí dòní.

Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀. Kent ló kọ́kọ́ lókìkí. Æthelberht ọba ibẹ̀ fẹ́ Bertha, ọmọ ọba ilẹ̀ Frank, tó jẹ́ onígbàgbọ́. Ní 597, Augustine àti àwọn mọ́ńkì tí póòpù rán láti Róòmù gúnlẹ̀ sí Kent. Ọba gba ìgbàgbọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ òfin ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò fi Látìn kọ ọ́. Èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ nílé ni wọ́n lò. Ó kú ní 616, agbára Kent sì rọ̀. Rædwald ti East Anglia ló gba ipò náà. Ní 1939, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní Sutton Hoo, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi tó gùn tó mítà 27, tí wọ́n fi sin ẹni ńlá kan, pẹ̀lú wúrà, fàdákà àti àṣíborí ogun. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Rædwald ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan Northumbria.

Kí ló dé tí agbára kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Orí ọba kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọba tó ń fún jagunjagun ní wúrà àti ilẹ̀ ni jagunjagun ń tẹ̀ lé, ogun sì ni ọba ti ń rí ohun tó máa fún wọn. Bí ọba bá kú sójú ogun, ẹ̀bùn tán, àwọn jagunjagun a wá ọ̀gá mìíràn lọ. Kò sì sí òfin pé àkọ́bí ọba ló gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ ọmọ ìdílé ọba ló lè du oyè.

Inú irú ayé yìí ni Mercia ti gòkè. Ní 633, Penda àti ọba ilẹ̀ Wales kan tó ń jẹ́ Cadwallon pa Edwin ọba Northumbria lójú ogun. Ní 642, Oswald ọba Northumbria náà kú lọ́wọ́ Penda. Ní 655, Oswiu àbúrò Oswald gbẹ̀san, ó pa Penda. Síbẹ̀ Mercia tún dìde. Æthelbald jẹ láti 716 títí di 757, ọdún tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pa á lóru. Offa tó jẹ lẹ́yìn náà lo ọdún 39 lórí oyè. Yàrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí òkìtì erùpẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣì wà lẹ́bàá ààlà Wales di òní. Ó tẹ owó fàdákà tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Charlemagne, ọba ilẹ̀ Frank, kọ̀wé sí i, ó pè é ní arákùnrin.

Offa fẹ́ kí Ecgfrith ọmọ rẹ̀ jẹ lẹ́yìn òun. Ó ní kí wọ́n ta òróró sí i lórí ní 787, ó sì mú àwọn tó lè du oyè kúrò lọ́nà. Baba kú ní 796. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ náà kú. Alcuin, ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ̀jẹ̀ tí baba ta sílẹ̀ nítorí ọmọ kò fi ẹsẹ̀ ìjọba náà múlẹ̀, ńṣe ló bà á jẹ́. Ní 825, Egbert ọba Wessex ṣẹ́gun Mercia ní Ellendun.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ta ló sọ ìtàn yìí fún wa? Bede, mọ́ńkì ará Northumbria, ló parí ìwé ńlá rẹ̀ ní 731. Lójú rẹ̀, Penda ni abọ̀rìṣà tó pa àwọn ọba ilẹ̀ òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìtàn ọdọọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní Wessex nígbà ayé ọba Alfred. Mercia, tó jẹ́ ọ̀gá fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Inú owó, inú ìwé ilẹ̀, inú lẹ́tà ẹlòmíràn la ti ń ṣa Offa jọ.

Nígbà tí ọmọ ogun ńlá àwọn Viking dé ní 865, gbogbo ayé yìí dà rú. Wọ́n gba York ní 866, wọ́n pa Edmund ọba East Anglia ní 869, Burgred ọba Mercia sì sá lọ sí Róòmù ní 874. Wessex nìkan ló kù. Alfred ṣẹ́gun wọn ní Edington ní 878, ó sì tún ṣe ohun mìíràn: ó ní kí wọ́n túmọ̀ àwọn ìwé Látìn tó ṣe pàtàkì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn èèyàn lè kà á.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Æthelflæd, fẹ́ olórí Mercia. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 911, òun fúnra rẹ̀ ló ń darí ilẹ̀ náà. Ó kọ́ àwọn ìlú olódi, ó gba Derby lọ́wọ́ àwọn Viking ní 917, Leicester sì túúbá fún un ní 918, ọdún tó kú. Wọ́n mú ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò lórí ìjọba lọ sí Wessex. Ìwé Wessex fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ obìnrin yìí. Ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ ní Mercia, tí ẹnì kan dà kọ sínú ẹ̀dà mìíràn, ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú ìwé mélòó kan péré ni.

A pe ọmọ náà padà. A ní, “Àǹtí ṣì í o. Ó ní ìgbà tí Kent lágbára jù, ó ní ìgbà Northumbria, Mercia sì pẹ́ jù wọ́n lọ níwájú. Wessex ló kẹ́yìn, tí Athelstan fi di ọba gbogbo wọn ní 927. Òun náà ló kọ̀wé.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ìyá àgbà ti kọ tiwọn?”

Ìyá wa ló ń bi wá. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n, ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ṣòwò aṣọ nílùú Kano, wọn ò sì tíì kọ nǹkan kan. Àwa tí à ń tún ìwé onílé-ìwé ṣe kò kọ ọ́ fún wọn rí.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá kan wà fún gbogbo wa lọ́sẹ̀ yìí, bóyá Kano lẹ wà ni o, bóyá Accra tàbí Abidjan. Ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ṣí wá, ẹni tó gbà wọ́n sílé, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, orúkọ àdúgbò nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí kò bá ju ojú ìwé mélòó kan lọ, ó tó. Àwa ti ra ìwé àjákọ tiwa. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ ìyá wa là ń lọ.