Ìtọ́jú Àgbàlagbà ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Kí Ni A Ó Fi Mọ Ilé Ìtọ́jú Tí Ó Dára?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò tíì kú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òkété ń gbà rí ọmú mu ti ń yí padà. Láti Aké dé Òwu, láti Ìtòkú dé Láfẹ́ńwá, kò ṣòro mọ́ láti rí ìyá tàbí bàbá tí ó ti lé ní 80 ọdún, tí ó jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bá wọn gbé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ń bẹ ní Èkó, ní Àbújá, ní London tàbí ní Houston. Owó ń wọlé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n owó kò lè gbé ènìyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nítorí èyí ni àwọn ẹbí kan fi ń ronú sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, yálà èyí tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀, tàbí ti ẹlẹ́yinjú àánú, tàbí ti oníṣòwò. Ìbéèrè tí ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí ni bóyá ọmọ rere lè mú òbí rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀. A kò fojú kéré ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: bí a bá mú wọn lọ, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ìtọ́jú tí wọ́n ń rí níbẹ̀ dára?

Ohun tí òfin sọ

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 16, ka ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti pèsè fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala náà wà nínú orí kejì ìwé òfin yìí, èyí tí ará ìlú kò lè gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ní tààràtà. Ní 2016, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà. Ní 2018, òfin tí ó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ ní Àbújá gba ìbuwọ́lù ààrẹ, ní 2021 sì ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ gba ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ ogbó wọlé.

Gbogbo èyí dára. Síbẹ̀, òfin kò lè wọ yàrá arúgbó ní ago 2 òru láti wò ó bóyá ẹnikẹ́ni dáhùn nígbà tí wọ́n pè. Ènìyàn ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ènìyàn náà sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń wò.

Ara ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́

Bí a bá lọ wo ilé ìtọ́jú, ohun tí ojú wa máa ń kọ́kọ́ bà lé ni ilẹ̀ tí ń dán, ọ̀dà tuntun, jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n ńlá. Kò sí ohun tí ó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú. Ara àgbàlagbà gan-an ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ ara. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì nílò ẹni tí yóò máa yí i. Wákàtí méjì-méjì ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, àyàfi bí wọ́n bá là á kalẹ̀ lọ́nà mìíràn fún aláìsàn kan. Bí a kò bá yí i, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà dé ibi tí egungun ti tẹ ẹran ara mọ́ àkéte: ìdí, ìgbáròkó, gìgísẹ̀. Ní ara ènìyàn dúdú, a lè má rí ibi tí ó pọ́n. Ohun tí a ó rí ni ibi tí ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tí ó gbóná tàbí tí ó le lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni awọ yóò bó, tí egbò yóò sì máa jìn lọ sísàlẹ̀, nígbà mìíràn títí dé egungun. Egbò bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì lè dènà.

Ìwọ̀n ara ni èkejì. Ní àwọn ilé ìtọ́jú Amẹ́ríkà, àmì ewu ni bí àgbàlagbà bá pàdánù ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láàrin oṣù kan, tàbí ìdá 10 láàrin oṣù mẹ́fà. Fún ìyá tí ó wọn kílò 60, kílò 3 péré ni ìdá 5 yẹn. Ojú ọmọ tí ó ń wò wọ́n lórí fóònù kò lè rí kílò 3, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n lè rí i. Ilé tí kò bá ní òṣùwọ̀n àti ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń bọ́ àgbà yó. Ohun tí wọ́n ń fún wọn jẹ náà ṣe kókó. Bàbá Ẹ̀gbá tí ó ti fi láfún àti ọbẹ̀ ilá dàgbà lè kọ búrẹ́dì àti tíì ní ojoojúmọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò fẹ́ jẹun.

Omi ni ẹ̀kẹta. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó bí ó ti ń gbẹ ọ̀dọ́. Nítorí náà, kí a gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ wọn nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ máa rán wọn létí kí wọ́n mu. Olùtọ́jú tí ó bá ń dín omi wọn kù kí wọ́n má baà tọ̀ sára ń fi ìlera wọn ra ìrọ̀rùn ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oògùn. Bí ẹ bá wọ ilé kan ní ọ̀sán gangan tí gbogbo àgbà ibẹ̀ ń sùn, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n ń lò, ẹni tí ó kọ ọ́ fún wọn, àti ìdí tí ó fi kọ ọ́. Ní 2005, FDA, àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn oògùn àrùn ọpọlọ kan máa ń fi kún ewu ikú bí a bá ń lò wọ́n fún àgbàlagbà tí ó ti ń ṣarán.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣe arán yìí fẹ́ àfiyèsí ní ọ̀tọ̀. Ìwádìí ọlọ́dún pípẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn fi hàn pé àìsàn yìí ń bẹ láàrin Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Síbẹ̀, ìyá tí ó bá ń rìn kiri lóru, tí ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ni a ṣì ń tètè pè ní àjẹ́. Bí olùtọ́jú bá gba irú èyí gbọ́, ìbẹ̀rù ni yóò fi ṣe ìtọ́jú, ìbẹ̀rù kì í sì í pẹ́ di ìkà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí àgbà bá ń rìn lóru. Bí ìdáhùn wọn bá jẹ́ kí a ti ìlẹ̀kùn pa tàbí kí a dè wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti rí ìdáhùn gbà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Ní England, Care Quality Commission bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nípa ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan: ǹjẹ́ ibẹ̀ kò léwu, ǹjẹ́ ìtọ́jú náà ń ṣe àǹfààní, ǹjẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ojú àánú, ǹjẹ́ wọ́n ń dáhùn sí àìní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ǹjẹ́ a sì ń darí ibẹ̀ dáadáa. Ipò mẹ́rin ni àbájáde rẹ̀ lè wà, òfin sì pàṣẹ kí ilé náà lẹ̀ ẹ́ síbi tí àlejò yóò ti rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó ti ṣiṣẹ́ ní irú ilé wọ̀nyí, pàápàá lẹ́yìn tí Britain ṣí ọ̀nà físà fún àwọn olùtọ́jú ní 2022, kí wọ́n tó ti ọ̀nà náà fún àwọn tí ń bọ̀ láti òkèèrè ní July 2025. Wọ́n mọ ìbéèrè márààrún. Kí ló dé tí wọn kò fi ní béèrè wọn fún ìyá tiwọn ní Abẹ́òkúta?

Ẹ̀kọ́ tí ó korò jù wá láti South Africa. Ní 2016, ìjọba agbègbè Gauteng kó àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ó lé ní 1,000 kúrò ní ilé ìtọ́jú Life Esidimeni láti dín owó ìnáwó kù, wọ́n sì pín ọ̀pọ̀ nínú wọn fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ìwé àṣẹ wọn kò bófin mu. Ènìyàn 144 ni ó kú. Ebi, òùngbẹ àti òtútù wà lára ohun tí ó pa wọ́n. Àwọn ẹbí kan kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n gbé ènìyàn wọn lọ. Wọn kì í ṣe arúgbó gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìjọba gan-an ni ó kó wọn lọ.

Ẹ̀kọ́ láti Arò

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí ayé wá kọ́. Ní 1954, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn Arò lọ́wọ́, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá. Àwọn dókítà ń ṣe tiwọn, ẹbí sì ń wo ohun tí ń lọ lójoojúmọ́. Ohun tí Arò fi hàn wá ni pé ojú ẹbí jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Ilé ìtọ́jú tí ó bá ní kí ẹbí má wá àyàfi ní ọjọ́ tí òun bá yàn ti gé apá yẹn kúrò.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Àwọn kan ń sọ pé bí a bá mú òfin le jù, àwọn ilé kéékèèké tí ìjọ àti aláàánú dá sílẹ̀ yóò ti ìlẹ̀kùn wọn, àwọn àgbà tí kò ní ẹnìkan yóò sì padà sí ìta. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Ohun tí a rò ni pé kí ìjọba ran irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ìwọ̀n tí ó yẹ, kí ó fún wọn ní àkókò láti tún òrùlé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n egbò, ebi àti dídè kò ní àkókò. Àwọn wọ̀nyí kò nílò owó ńlá láti dáwọ́ wọn dúró.

Ojúṣe ìjọba ni kí gbogbo ilé ìtọ́jú ní ìforúkọsílẹ̀, kí àwọn olùyẹ̀wò máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, ní òru pẹ̀lú, kí àbájáde rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ará ìlú lè kà ní èdè Yorùbá. Ojúṣe ẹbí ni kí wọ́n lọ ní ọjọ́ tí a kò retí wọn, kí wọ́n béèrè iye olùtọ́jú tí ń ṣọ́ iye àgbà lóru, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bí ohun kan bá kọ yín lóminú, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ ìlùkulù, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Àgbà tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí kò lè dúró de ọjọ́ tí gbogbo ètò yóò pé. Nígbà tí ẹ bá tún lọ kí ìyá tàbí bàbá yín, ẹ kí wọn tán, ẹ bun wọn lómi, kí ẹ sì rọra gbé aṣọ ìbora sókè láti wo gìgísẹ̀ wọn.