Ẹ Má Gbé Adìẹ Tó Ń Wúkọ́ Lọ Sọ́jà

Ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ ló mọ ohun tí ìgbà náà máa ń mú wá. Adìẹ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, á ya ẹnu kó lè mí. Láìpẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí omi ewé. Ọrùn àwọn mìíràn á lọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, agboolé á pa rọ́rọ́, àkùkọ kò ní kọ mọ́.

Lúkúlúkú ni àwọn àgbẹ̀ ń pe àrùn yìí. Àwọn oníṣègùn ẹran ń pè é ní Newcastle. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹni tó bá ń tú kóró oògùn ènìyàn sínú omi adìẹ ń fi owó rẹ̀ ṣòfò ni. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ikọ́ adìẹ ni lúkúlúkú: èéfín àti eruku lè mú adìẹ sín, àwọn ikọ́ kan sì wà tí oògùn ń wò. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ pe oníṣègùn ẹran.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ti ọjà. Bí adìẹ kan bá ti wúkọ́, ọ̀pọ̀ wa a máa sáré kó ìyókù sínú àgò, ó di ọjà. A mọ ìdí rẹ̀. Adìẹ ni àpò owó ọ̀pọ̀ ìyá: òun ni wọ́n fi ń ra ìwé ọmọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Ta ni yóò jókòó kí owó rẹ̀ máa kú lójú rẹ̀? Síbẹ̀, adìẹ tí ara rẹ̀ dá lónìí lè ti gbé àrùn náà sínú fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹni tó rà á yóò gbé e wọ agboolé tirẹ̀. Nígbà tí àwa náà bá sì fẹ́ ra adìẹ mìíràn, ṣebí ọjà yẹn kan náà la ó lọ?

Àjẹsára ni ọ̀nà. Ẹ̀kán kan sínú ojú adìẹ tí ara rẹ̀ dá, kí a sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgò kan máa ń tó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ, bí a bá sì ti pò ó tán, kì í ṣe é tọ́jú pẹ́. Ẹni tó ní adìẹ méje kò lè dá a rà. Àdúgbò ló yẹ kó dáwó, kí gbogbo ilé sì mú adìẹ wọn wá ní ìdájí ọjọ́ kan náà, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ẹnì kan á kọ orúkọ ilé, iye adìẹ àti ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Àwọn kíláàsì wa kún fún ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yìí báyìí. Ó sì yẹ kí àwọn kọmúúnù kéde ọjọ́ àjẹsára ní ọjà, kí ọyẹ́ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn ikú.

Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ti ń wúkọ́, kó ya aláìsàn sọ́tọ̀, kó bọ́ àwọn tí ara wọn dá ṣáájú, kó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ọ̀pọ̀ bá kú lójijì, kó má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n, kó sì fi tó aláṣẹ létí: gírípì adìẹ, tí wọ́n rí ní Àjàrá àti ní Kútọnù ní 2007, lè ran ènìyàn. Kí ó rì òkú wọn mọ́lẹ̀ jìnnà, níbi tí ajá kò ti lè hú u. Adìẹ tuntun tó bá rà, ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi dá wà.