Igbó Ni Ó Ń Tọ́jú Omi



Ní Ìkógòsì, ní ilẹ̀ Èkìtì ní Nàìjíríà, omi méjì ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Èyí tí ó gbóná tó nǹkan bí 38 dígírì níbi tí ó ti ń jáde. Omi tí ó ń hó lórí iná jẹ́ 100. Àwọn méjèèjì ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọn yóò fi pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé orogún méjì ni wọ́n.

Òkè àti igbó yí wọn ká. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń sinmi lábẹ́ igi. Ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n níbo ni omi náà ti ń wá?

Òjò ni. Òjò rọ̀ sórí òkè, ó wọ inú ilẹ̀ lọ. Èyí tí ó lọ jìn bá ooru nísàlẹ̀. Ó gbóná, ó sì gba inú àpáta tí ó sán padà wá sókè. Èyí tí kò lọ jìn jáde ní tútù.

Ta ni ó ń ran òjò lọ́wọ́ láti wọlẹ̀? Igi ni. Ewé gbígbẹ a máa dá omi dúró. Gbòǹgbò a máa la ọ̀nà fún un. Bí a bá gé gbogbo igi, tí a sì sun ewé, ilẹ̀ yóò le. Òjò yóò ṣàn kọjá, yóò sì gbá ilẹ̀ ọ̀rá lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsun omi lè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìsun omi abúlé wa pẹ̀lú. Ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè ohun tí ojú wọn ń rí bí omi ìtòsí bá gbẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé: «Ilẹ̀ kò tó. Níbo ni kí n dáko sí?» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oko ẹnìkan létí ìsun kò tó omi gbogbo abúlé.

Nítorí náà, bí a bá lọ síbi ìgbafẹ́, kí a má fọ aṣọ lójú ìsun. Kí a má ṣe ìgbẹ́ létí omi. Kí a kó ọ̀rá àti ìgò wa padà. Àwọn kan wà nísàlẹ̀ odò tí wọ́n ń mu omi kan náà. Omi tí ó mọ́ lójú sì lè ní àrùn nínú: ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.

Nílé, kí abúlé pé jọ, kí a pa ààlà yí ìsun ká. Kí ẹnikẹ́ni má dáko, kí ó má sì gé igi nínú rẹ̀. Níbi tí igi ti tán, kí a gbin òmíràn.

Ẹni tí ó bá ń mu omi, kí ó tọ́jú igbó.